Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Gbé Scan Lé Ọmọ Mi Níkùn?

 

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì, arábìnrin kan sì fà mí lápá. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é. Kò dúró kí mi dáadáa. Ó ní, "Sista Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin èèyàn yín wọ̀nyí, kí lẹ rí lára ọmọ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Inú ń run ọmọ lóru, mo gbé e lọ sí A&E. Ọmọdékùnrin kan tó ní dókítà lòun wọ́ ẹ̀rọ wá, ó ní òun fẹ́ scan ikùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 15! Mo ní kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ gbé scan lé ọmọ mi níkùn? Ọmọ mi ò lóyún!"

Ẹ̀gbọ́n ti gbà mí láyè kí n kọ ọ́. Mo yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà máa wẹ̀yìn wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Díẹ̀ ló kù kí ó lé dókítà náà jáde lóru ọjọ́ yẹn. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Mummy, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, ó ń dùn mí." Dókítà da jẹ́lì tútù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lókè, lábẹ́ egungun ìhà. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan ó rí i pé kíndìnrín ọ̀tún ti wú. Ìtọ̀ ti há sínú rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Ara ọmọ náà sì ń gbóná, ó ń gbọ̀n. Kíndìnrín tí ìtọ̀ há sí, tí kòkòrò àrùn tún ti wọ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di àárọ̀. Wọ́n pe àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọ̀ràn ìtọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò tó kún, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti la ọ̀nà fún ìtọ̀ náà. Ọmọ ti padà sí iléèwé báyìí, ó sì ti ń bá àbúrò rẹ̀ jà bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n nìkan kọ́ ló ń rò báyìí. Lẹ́nu tiwa, bí obìnrin bá ní òun ń lọ ṣe scan, àdúrà la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún un. Nílé, yálà ní Ìbàdàn ni o tàbí ní Ìkòròdú, ẹ ó rí pátákó ibi tí wọ́n ti ń ṣe scan lójú títì, àwòrán aboyún ni wọ́n sì máa ń yà sí i. Ní Camberwell níbí gan-an, èrò náà ní ìdí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ní King's tó wà ní Denmark Hill la ti kọ́kọ́ rí ojú àwọn ọmọ wa lórí ẹ̀rọ. Ní Windsor Walk, tó wà lódìkejì ilé ìwòsàn náà, ni ilé ìwádìí nípa ọmọ inú wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kypros Nicolaides, ọmọ ilẹ̀ Cyprus, dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ayé. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's kọ ìwé jáde pé bí a bá wọn omi tó wà lẹ́yìn ọrùn ọmọ inú nígbà tí oyún ṣì wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó lè tọ́ka sí àwọn ọmọ kan tí ìṣẹ̀dá wọn yàtọ̀, bíi àwọn tó ní Down's syndrome. Nítorí náà, bí a bá so scan mọ́ oyún, a ò jẹ̀bi. Àmọ́ iṣẹ́ kan péré nìyẹn jẹ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, ìtàn yìí tiyín ni. Dókítà kan wà ní Glasgow tí ń jẹ́ Ian Donald, dókítà àwọn obìnrin ni. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìró wá ọkọ̀ tó wà lábẹ́ omi. Nílé iṣẹ́ kan ní Renfrew, lẹ́bàá Glasgow, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkòkò irin ńláńlá tí ń hó omi, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ibi tí irin ti sán. Ní oṣù Keje, 1955, Donald kó fíbírọ́ìdì àti àwọn kókó mìíràn tí wọ́n ti gé kúrò lára àwọn aláìsàn sínú búùtù ọkọ̀, ó kó wọn lọ sílé iṣẹ́ náà. Àwọn ará ibẹ̀ wá ẹran màlúù ńlá kan sílẹ̀ fún un, kí ó lè fi wé àwọn kókó náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e. Ìró tó padà láti ara kókó tó kún fún omi yàtọ̀ sí ti èyí tó le gbagidi. Ẹ wo bí ẹ̀rọ ìkòkò irin ṣe di ẹ̀rọ ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é sí obìnrin kan tí ikùn rẹ̀ wú, tí ó ń rù. Àwọn dókítà ti ní jẹjẹrẹ ni, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Donald gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó sì rí i pé àpò omi ńlá kan ni, tó hù láti ara ibi tí ẹyin obìnrin wà. Wọ́n gé e kúrò, obìnrin náà sì yè. Ní 1958, òun, Dókítà John MacVicar àti Tom Brown, tó jẹ́ ẹnjiníà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí ń jẹ́ Lancet. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin yẹn kì í ṣe aboyún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, scan kì í ṣe ti oyún nìkan.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ ti rí àwọn màmá wa ní Rye Lane tí wọ́n ń fi ìka kan wọ́tàmẹ́lọ̀n, tí wọ́n á tẹ́tí sí i kí wọ́n tó sanwó. Ẹ ti rí ẹni tó ń kan kẹ́ẹ̀gì epo láti mọ ibi tí epo dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà, tó jọ klípà àwọn onígbàjámọ̀, ń rán ìró wọ inú ara, ó sì ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ta padà. Etí tiwa kò lè gbọ́ ìró náà. Ìró tí etí èèyàn lè gbọ́ kì í gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 15. Ohun tó bá jẹ́ omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á dúdú lójú ẹ̀rọ, egungun á funfun bíi ẹfun, ẹran ara á wà láàrin méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, kì í jẹ́ kí ìró kọjá, ìdí nìyẹn tí a fi ń da jẹ́lì sí ara kí afẹ́fẹ́ má baà wà láàrin. Kò sí ìtànṣán bíi ti X-ray nínú rẹ̀ rárá. Bí jẹ́lì bá tutù jù, ẹ bínú sí wa, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Scan tí wọ́n fi lẹ́tà pè yín sí, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn ló ń ṣe é. Á fara balẹ̀, á wo gbogbo ibi tó yẹ, á wọ̀n ọ́n, á kọ ìwé. Ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní A&E kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín ló mú un lọ́wọ́, ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì ń wá. Ṣé kíndìnrín wú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikùn? Ṣé ọkàn ń lù? Ibo ni iṣan wà? Bó bá ti rí ìdáhùn, ó tán, á gbé ẹ̀rọ kúrò. Ìbéèrè tí kò bi ara yín, ara yín kò ní dá a lóhùn. Ohun tí ẹ bá sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà ló ń pinnu ìbéèrè wo la ó bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ní àdúgbò yìí. Láti 2010, King's jẹ́ ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn mẹ́rin tí wọ́n yàn ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tó fara pa gidigidi. Ẹni tí mọ́tò kọ lù, ẹni tó já bọ́ láti orí ilé, ọmọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, a ti jọ ṣe àìsùn àdúrà lórí rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń gé aṣọ lára rẹ̀. Á wo àlàfo tó wà láàrin ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀tún, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ṣàn nínú ikùn sábà máa ń sun jọ sí bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja. Á wo apá òsì, á wo ìsàlẹ̀ lẹ́bàá àpò ìtọ̀, á wo àyíká ọkàn. Á wá gbé e sí àyà láti mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lábẹ́ egungun ìhà. Bó bá ń yọ̀ dáadáa, ó máa ń dà bí èèrà tó ń tò lọ. Bí èèrà náà bá dúró, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tí kò yẹ.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yí ọkàn ká, tí ó ń fún un pa, a ò ní máa wá ohun mìíràn mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, èyí tó máa pa á láàrin ìṣẹ́jú 10 la máa kọ́kọ́ dojú kọ. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní òun kò rí ẹ̀jẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan bí ife kan lè sá pamọ́ fún ẹ̀rọ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tún gbé ọmọ yín lọ sínú CT lẹ́yìn náà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó dà bí òrùka. Ẹ má ṣe jà pé ṣebí ẹ ti scan rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ ilé nínú ìjọ wa. Mélòó nínú wa ló ní ọmọ SS? Ẹ ò ní láti nawọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin ọdún 17 kan wà níwájú mi tí ìrora ti gbé sánlẹ̀. Ọmọ náà kì í sunkún mọ́, ó kàn ń wo òkè àjà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́, gbogbo iṣan tó hàn lọ́wọ́ rẹ̀ ti le, wọ́n ti pa rẹ́. Wọ́n gún un lẹ́ẹ̀meje ká tó rí iṣan. Èmi ni mo gún ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún àti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi dára, ẹ bi àwọn tí mo ti gbà ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi Yorùbá kọ orin lábẹ́lẹ̀, kò mọ̀ pé mo gbọ́ èdè. Nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù mìíràn ló wọ́ ẹ̀rọ scan wá. Ó gbé e sí apá rẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́, ó wo inú, ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo lọ sínú yàrá tí a ń kó aṣọ sí, mo sunkún díẹ̀, mo sì lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ọ.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Iṣan tó wà lókè ni ojú wa ń rí. Àwọn tó jìn wà nílẹ̀, wọ́n tóbi, wọn kò tí ì gbọgbẹ́. Lójú ẹ̀rọ, iṣan dà bí òrùka dúdú. Bí mo bá fi ọwọ́ ẹ̀rọ tẹ ara, iṣan tí mo ń wá á pẹlẹbẹ. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọkàn kì í tètè pẹlẹbẹ, á máa lù kìkì, ìyẹn ni mo gbọ́dọ̀ yẹra fún. Lẹ́yìn náà ni n ó máa wo ẹnu abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé, bí àmì funfun kékeré kan, títí á fi bọ́ sínú òrùka náà. Ó gba sùúrù. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju ti ojoojúmọ́ lọ, nítorí bó bá kúrú, á yọ kúrò nínú iṣan bí ọmọ bá ti gbé apá. Ti ọrùn, níbi tí wọ́n ń ki ọ̀pá sí fún àwọn tí àìsàn wọ̀ lára jù, ti pẹ́: láti 2002 ni àjọ NICE, tó ń ṣètò bí a ó ṣe máa tọ́jú aláìsàn, ti ní kí wọ́n máa fi scan ṣe é. Ti apá ló ṣì ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin àwa nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, ìyá ọmọ SS, bàbá ọmọ SS, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá gún un nígbà ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Bí ẹ bá ti dé, ẹ sọ pé: "Iṣan rẹ̀ ṣòro, scan ni wọ́n fi rí i nígbà tó kọjá, apá báyìí ni. Ṣé ẹnì kan wà tó lè fi scan wá a?" Kì í ṣe gbogbo wa la ti kọ́ ọ, wọ́n lè ní láti pe ẹnì kan láti ibòmíràn. Bí ọmọ bá dàgbà tó, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ: oògùn ìrora kò gbọ́dọ̀ dúró de iṣan. Láti 2012 ni NICE ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ìrora sickle cell bá gbé wá gbọ́dọ̀ gba oògùn ìrora láàrin ìṣẹ́jú 30 tó dé. Oògùn náà lè gba ẹnu, ó lè gba abẹ́ awọ ara, fún àwọn ọmọdé ó tiẹ̀ lè gba imú. Ní 2021 àwọn aṣòfin gbé ìròyìn kan jáde nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn aláìsàn sickle cell ní ilé ìwòsàn, àkọlé rẹ̀ ni "No One's Listening". Àkọlé yẹn ti tó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ó kàn yín báyìí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bò. Mo ń wàásù, n kò sì tíì yí ohun tí mo ń wàásù nípa ìwà mímọ́ padà. Ṣùgbọ́n ní A&E kì í ṣe ìwàásù ni mo wà fún. Bí ikùn bá ń run obìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, a ó bi í bóyá ó lè lóyún, a ó sì gba ìtọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nǹkan bí oyún 1 nínú 90 ni kì í jókòó sínú ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á dúró sínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà, á dàgbà títí ibẹ̀ á fi bẹ́. Obìnrin náà lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun lóyún. Inú á máa run ún nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán, òòyì lè máa kọ́ ọ, nígbà mìíràn góńgó èjìká ló máa dùn ún, tí ẹ ó sì rò pé báàgì ilé-ìwé ló fà á. Bí ìtọ̀ bá ní oyún wà, tí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì fi hàn pé ilé ọmọ ṣófo, tí dúdú sì wà nínú ikùn, a ó sáré gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ọmọbìnrin tó bá ní "rárá o, mi ò mọ ọkùnrin" nítorí pé mọ́mì rẹ̀ jókòó tì í, ó ti gba ìbéèrè tó yẹ kúrò lẹ́nu wa. Ẹ̀yin ìyá, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ jọ̀wọ́ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jáde, ẹ lọ ra tíì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti pé ọdún 16, ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ láti gbà pé kí wọ́n tọ́jú yín. Bí ẹ kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà yé yín dáadáa, wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín bákan náà. Ohun tí ẹ bá sọ, a kì í sọ ọ́ fún òbí láìjẹ́ pé ẹ gbà, àfi bí ewu bá wà lórí yín. Ẹ lè ní kí obìnrin ṣe scan náà fún yín bí àyè bá wà, ẹ lè ní kí wọ́n fi aṣọ bo ìyókù ara yín, ẹ sì lè ní kí ẹnì kan dúró tì yín.

Bákan náà ni àgbo. Ẹ sọ ọ́. Bí bàbá bá ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ láti ilé, kí á tó gún un lábẹ́rẹ́ la ti fẹ́ mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.

Ó ku àwọn bàbá wa. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn tàbí ikùn ṣàdédé gbá mú, tí ó sì dákú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba àárín ikùn sọ̀kalẹ̀ la máa kọ́kọ́ fi scan wò, bóyá ó ti wú bíi rọ́bà kẹ̀kẹ́. Bó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ kì í dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ní kí ẹ dúró dè é. Ọdún tí ọkùnrin bá máa pé 65 ní England, lẹ́tà á wá sílé pé kó wá ṣe scan iṣan yìí, ọ̀fẹ́ ni, kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Bó bá dín ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó máa lọ sílé. Bó bá wú díẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bó bá tó 5.5, wọ́n á fà á lé oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ti kọjá 65 tí kò ṣe é rí lè pè wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ wo abẹ́ àga ìjókòó, ibi tí wọ́n ń kó lẹ́tà tí wọn kò tíì ṣí sí.

Mo tún ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwa tí a ń jẹ́rìí. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí, èmi náà ti jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n arákùnrin kan jáde síwájú, ó ní, "Wọ́n scan mi ní A&E, wọn ò rí nǹkan kan, ògo ni fún Ọlọ́run," a sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn mo bi í pé kí ni wọ́n ń wá. Kò mọ̀. Mo ní kó mú ìwé tí wọ́n fún un wá. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kíndìnrín rẹ̀ kò wú, àti pé kó padà wá fún scan tó kún nítorí òkúta inú òróòro. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti kọjá, kò lọ, ó ní òun ti gba ìwòsàn. Mo bá a pe fóònù lójú ẹsẹ̀, a sì gba ọjọ́ mìíràn. Tọ́másì béèrè kí ó tó gbàgbọ́, Olúwa kò sì lé e jáde.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè é kó mú ọmọ padà wá fún scan kíndìnrín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tó fẹ́ ṣe é ṣì ń ṣí jẹ́lì lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń wá?" Obìnrin náà sọ fún un, ó sì yí ojú ẹ̀rọ sí wọn kí àwọn méjèèjì lè máa wò ó. Wọ́n fún ọmọ láyè láti ya fọ́tò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n na fóònù sí mi, ó ní, "Sista Nọ́ọ̀sì, ẹ wo kíndìnrín ọmọ mi, kò wú mọ́."

Mo wò ó títí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí fóònù, ẹ dorí rẹ̀ kodò."